Bí Mo Ṣe Pàdánù Iṣẹ́ Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, síbẹ̀ tí mo bá ti rántí, ara mi á tún gbóná. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síbí kí n lè rí ìsinmi.

Ẹ ṣáà mọ bí owó epo ṣe já wálẹ̀ ní Calgary yìí. Ẹnjiníà ni mí nílé iṣẹ́ epo kan nígbà yẹn. Wọ́n pè wá sí mítìn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní iṣẹ́ ti tán, kó tó di ọ̀sán mo ti gbé páálí ẹrù mi wọ train. Láti ìgbà yẹn, warehouse kan ní Foothills Industrial ni mo ti ń to ẹrù. Ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé ilé ró.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Gbóyèga ti bọ́ sí i. Àwọn ló gbà wá sí basement wọn ní Marlborough nígbà tá a dé Canada, tá ò mọ ẹnì kankan. Wọ́n ní àwọn mọ ọ̀gá kan, Brian, tó ń wá ẹnjiníà kan ṣoṣo. Brian fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, nítorí náà ká jọ lọ gbá a ní Sátidé kan lóṣù tó ń bọ̀, kí ọkùnrin náà lè mọ̀ mí.

Mi ò fi ṣeré rárá. Bàbá òyìnbó kan tá a jọ wà ní warehouse, Scotland ló ti kọ́ gọ́ọ̀fù láti kékeré. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ mi. Ó ní links ni wọ́n ń pe irú pápá tá a fẹ́ lọ yẹn: kò sí igi tó máa dá atẹ́gùn dúró, ilẹ̀ rẹ̀ le, kòtò iyanrìn rẹ̀ sì jìn. Ó ní tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kí n gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kó máa yí lọ. Tí mo bá kó sí kòtò, kí n gbá a gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kí n gbàgbé iwájú ná.

Ọjọ́ pé, àwa mẹ́ta la lọ. Mo ń gbá a dáadáa o! Títí a fi dé ihò kọkànlá nínú méjìdínlógún, Brian ti ń bi mí nípa iṣẹ́ tí mo ṣe tẹ́lẹ̀, mo sì ń dá a lóhùn. Mo ti ń rò ó pé iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ mi.

Ní ihò kejìlá, atẹ́gùn dojú kọ wá. Mo fa igi gọ́ọ̀fù tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ yọ. Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Àbúrò, gbé ìyẹn sílẹ̀ jàre. Take this one, jẹ́ kó fò sókè." Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, atẹ́gùn yìí ńkọ́? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, pé níbo ni mo wà nígbà tí àwọn ń gbá gọ́ọ̀fù n'Íbàdàn?

Mo mọ̀ pé wọn ò tọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi! Ṣùgbọ́n kí n já ẹni tó gbà mí sílé níyàn níwájú òyìnbó? Ọmọ ta ni mí? Mo gba igi tí wọ́n nà sí mi.

Bọ́ọ̀lù fò sókè, atẹ́gùn gbé e, ó sọ ọ́ sínú kòtò. Mo fẹ́ gbá a gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n dúró létí kòtò, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kọ́, iwájú ni kí n kọjú sí. Mo tún gbọ́ràn. Ìgbà méje ni mo gbá a kó tó jáde, iyanrìn kún ẹnu mi.

Bá a ṣe ń rìn lọ, Brian sún mọ́ mi, ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé igi àkọ́kọ́ ló dára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "So why did you change it?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Kò bi mí nípa iṣẹ́ mọ́ títí a fi parí.

Ní Wẹ́sidé, email rẹ̀ dé. Ó ní mo mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ àwọn léwu, ẹni tó bá rí àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀ tí kò lè sọ ọ́, ó lè pa èèyàn. Inú bí mi sí Brian. Kí ló mọ̀ nípa ilé tí mo ti wá? Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, mi ò ní dákẹ́. Àbí màá dákẹ́? Mi ò mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n wá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n má bọkàn jẹ́, ọwọ́ mi ló le jù tí bọ́ọ̀lù ò fi lọ. Ẹ gbọ́ o, ọwọ́ mi! Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi fọ́fọ́. Ṣé ẹ mọ èyí tó jáde? "Ẹ ṣé sir." Mo tún kúnlẹ̀ sọ ọ́, nínú kitchen mi ní Copperfield, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gbá gọ́ọ̀fù lórí links, ẹ gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ẹ má bá atẹ́gùn jà, tẹ́ ẹ bá kó sí kòtò, ẹ kọ́kọ́ jáde ná. Ìyẹn ò le. Àwọn àgbà náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mi ò rí i sọ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ pé rárá fún àgbà tó ṣe yín lóore, tí ẹ ò sì di aláìmoore, báwo lẹ ṣe sọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, ẹ má pẹ́. Ọ̀gá mìíràn ti ní òun fẹ́ rí mi lórí pápá gọ́ọ̀fù ní Sátidé, Ẹ̀gbọ́n sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá gbé mi.