Bàbá Kọ́kọ́rọ́ àti Fóònù Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Kọ́kọ́rọ́ gbígé ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi tọ́ ọmọ, iṣẹ́ ọ̀hún náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí kì í tètè fọkàn tán èèyàn. Ẹni tó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn jẹun mọ̀ pé kò sí àgádágodo tó lè borí ọwọ́ ọmọ aráyé. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń bá a gba ìpè ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí àwọn bọ́ sórí fóònù íńtánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló wò ó tòkètilẹ̀.

"Bàbá, nọ́ńbà kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, á dún. Tẹ́ ẹ bá wà nílé, á dún lọ́wọ́ yín."

"Lọ́wọ́ ta ló tún lè dún?"

Ọmọ ní òun á pe iléeṣẹ́ fóònù kí wọ́n wá so ó, kí bàbá fẹnu ara rẹ̀ bi wọ́n.

Ọkùnrin tó wá so ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ń rẹ́rìn-ín ju bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn lọ. Ó ní ńṣe ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gé ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á kó o lọ, á sì tún un tò létí ẹni tó ń gbọ́. Lọ́sàn-án, ó tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ni ohùn oníbàárà tó pè láàárọ̀ bá jáde: "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa ò tì mọ́, a ò sì ní sí nílé dọ̀la."

Bàbá yíjú sí i. "Ibo lẹ̀ ń kó èyí pamọ́ sí?"

"Lọ́dọ̀ wa ni, bàbá. Kò séwu."

"Ẹni tó bá ní kò séwu ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣọ́. Ẹ pa á."

Ọkùnrin náà pa gbígba ohùn sílẹ̀ náà. Bàbá ò sì jẹ́ kó lọ àfìgbà tó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń yí páswọ́ọ̀dù padà.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ rẹ̀ jáde lọ jẹun, fóònù dún.

"Ẹ káàsán, bàbá. Iléeṣẹ́ fóònù ni. Ìlà yín fẹ́ já. Ẹ ka páswọ́ọ̀dù yín fún wa, ká bá yín tún un ṣe."

Ohùn náà jọ ti ẹlẹ́rìn-ín tó wá so ẹ̀rọ. Àbí kò jọ ọ́? Ohùn tí wọ́n gé tí wọ́n tún tò, ta ló lè búra sí i?

"Máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù," ni bàbá wí. "Wàá bá mi níbí."

Ìpè já. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé tó pe ẹlẹ́rìn-ín, ìyẹn ń búra: "Èmi kọ́ o! Mi ò pè yín!"

Bàbá ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun gbà á gbọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló fi ìka kan yí páswọ́ọ̀dù padà, ó fi ọwọ́ kejì bò ó, kódà lójú ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ń wọlé sí i báyìí, bàbá pàápàá ò jiyàn pé fóònù náà wúlò. Ẹlẹ́rìn-ín ṣì máa ń yà wá kí wọn. Bàbá á fún un ní àga, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ yí ojú kọ̀ǹpútà sógiri.