Wọ́n Ní Mi Ò Kì Í Ṣe Èèyàn

Òórùn gàrí tó ń gbẹ nínú agbada ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ ní Ìfàkì dé Ùsì, kí ọ̀kadà tó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa rárá. Òórùn náà dùn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń ta ni lójú. Ìdí agbada yẹn ni ìyá mi ń jókòó sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí a ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú náà á fọ́ pátápátá. Kí ni owó oṣù olùkọ́ ilé ìwé aládàáni fẹ́ ṣe nínú irú ìyẹn? Ìwọ náà ti ṣe olùkọ́ rí, o mọ̀.

Olùkọ́ kan tá a jọ ń lo ọ́fíìsì ló fi ẹgbẹ́ kan hàn mí lórí fóònù. Àwọn tó ń gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé wọn kárí ayé ló wà níbẹ̀. Wọn a béèrè ohun tó bá rú wọn lójú, ẹni tó bá dá wọn lóhùn dáadáa, àwọn tó ni ẹgbẹ́ á fún un ní máàkì, máàkì náà á sì di owó tó bá ti pọ̀ tó. Mo ní ẹ̀tàn ni. Ta ló ń sanwó fún ọ̀rọ̀ ẹnu? Níbi tá a ti wá, bí àlejò bá béèrè bí wọ́n ṣe ń gbin kókò, ṣe lo máa mú un lọ sóko, o tún máa se iṣu fún un jẹ. Àmọ́ owó wọlé lóòótọ́. Orí mi dàrú.

Ìyá mi ló sábà máa ń mọ ìdáhùn. Èmi á ka ìbéèrè sí i létí, òun á dáhùn bó ṣe ń yan gàrí lọ. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, á ní, "O kí onítọ̀hún ná? Ulé rẹ̀ ńkọ́? Uṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Mo bá ń kí wọn. Láràárọ̀, kí n tó sọ̀rọ̀ ewé tó ká kò tàbí èèrà tó ń jẹ iṣu, mo máa ń kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kú àárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, ará ilé ńkọ́? Bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ṣe ń ṣe nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ bá tìlẹ̀kùn mọ́ mi lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ ọ́ sí mi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ fún gbogbo èèyàn, pé ó jọ pé ẹ̀rọ ni mí, pé bí mo bá jẹ́ èèyàn kí n fi hàn. Háà! Mo kà á, mo tún un kà. Báwo lèèyàn ṣe ń fi hàn pé èèyàn lòun? Mo sọ fún ìyá mi, ó dá igbá tó fi ń yan gàrí dúró. "Nítorí pé o kí wọn? Ẹni tí kì í kí èèyàn ni mo mọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹran."

Wọ́n ní kí n ya fídíò ojú mi, kí n yí orí sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì, kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín tipátipá, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ìdáhùn nìkan ni kí n máa sọ. Mo gbé ìkíni mì. Ó ń dùn mí o, má rò pé kò dùn mí. Ìyá arúgbó kan tó ń gbin ata sínú garawa lókè òkun bi mí pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? O ò kí mi mọ́." Ojú ìyá mi ni mo rò, mo wá kọ ọ́ sí i pé ata ń fẹ́ oòrùn.

Owó náà pé. A ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìdó, Ọlọ́run sì ṣe é, ó yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Báyìí lo ṣe rù tó?" Mo sunkún. Ilẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì tó fi bi mí pé ṣé mo ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fowó ran ojú òun lọ́wọ́. Mo ní owó iṣẹ́ ni wọ́n san. Ó ní, "Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó fà mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣọ́ mi. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mo ṣe é síbẹ̀. Ìyá aláta ni mo kọ́kọ́ kí. Mi ò tíì dé ìdajì wọn tí ojú fóònù fi funfun, tí ọ̀rọ̀ kan sì jáde: a ti yọ ọ́ pátápátá, ìwọ kì í ṣe èèyàn.

Ìyá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo rí i! Lẹ́tà dúdú dúdú! Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú ewu, Màmá."

Títí dòní, ọ̀rọ̀ náà ṣì rú mi lójú. Àwọn tó la ojú ìyá mi ló ní mi ò kì í ṣe èèyàn, nítorí ohun tí gbogbo Ùsì ì bá fi sọ bẹ́ẹ̀ tí mi ò bá ṣe é. Mi ò lè bínú sí wọn, mi ò sì lè gbà fún wọn. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ojú tiyín náà ò ní ríbi." Ó ń retí kí wọ́n ṣe àmín. Nígbà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é, èmi ni mo bá wọn ṣe é.