Aṣọ Tí Mo Wá Dé Mákùn-Omi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo gbé báàgì mi sáyà, torí n kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Fọ́tò ìyá ìyá mi tó ti kú ló wà nínú rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, Màmá, bí mo ṣe máa ń pè wọ́n, wọ gáùn dúdú tí ẹnu apá rẹ̀ fẹ̀ bí agogo, wíìgì, awò dúdú àti bàtà gogoro. Bọ́tìnnì mẹ́fà ló wà láyà gáùn náà: márùn-ún dúdú, ọ̀kan ṣoṣo funfun.

Aránṣọ ni mí. Mo rán irú gáùn yìí fún àwọn ọmọ yunifásítì, bọ́tìnnì funfun yẹn ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Kò pé oṣù kan, Àǹtí Bùkọ́lá, aránṣọ ní Àgọ́-Ìwòyè, gbé irú rẹ̀ kọ́, tòun ti bọ́tìnnì funfun. Ó ní ìyá òun ló wọ̀ ọ́ nígbà èwe. Irọ́ ni, mo sọ fún ara mi. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ ní mítìnì, mo dìde níwájú ẹgbẹ́ aránṣọ, mo pè é lólè. Wọ́n ní bí n kò bá mú ẹ̀rí wá ní Sátidé, n kò gbọdọ̀ rán gáùn náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ni mo fi ń jẹun. Mo wá ń lọ gba gáùn Màmá gan-an lọ́wọ́ àbúrò wọn, Ìyá Mákùn, ní Mákùn-Omi.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, awakọ̀ tó ń lọ sí Abigi gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Ó ní ọ̀nà ló bàjẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni, àfi ìgbà tí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ kí mọ́tò tó lè kọjá nínú ẹrẹ̀. Láti Abigi, mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo kàn gbá báàgì mi mọ́yà.

Ìyá Mákùn gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹja gbígbẹ la máa ń rún sí i; odidi ẹja tútù ni tiwọn. Mo ń jẹun, mo ń wo àpótí wọn. Ọkàn mi ní wọ́n ti ta gáùn náà fún Bùkọ́lá.

Nígbà tí mo fi fọ́tò hàn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Alhaja, aládùúgbò wọn. Alhaja mú fọ́tò tirẹ̀ dání: gáùn kan náà, awò kan náà, bọ́tìnnì funfun.

“Gáùn fọ́tò ni,” Ìyá Mákùn sọ. “Ayafọ́tò ló ni ín. Bọ́dún bá ti dé, á gbé e kọ́ ìṣó láti ìlú dé ìlú, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á wọ̀ ọ́.”

Mo béèrè bó ṣe gba gbogbo wọn. Alhaja ní ayafọ́tò ti la ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, okùn ló fi ń so ó. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń rán tèmi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá ìbàdí gáùn yẹn jà.

“Bọ́tìnnì ńkọ́, mà?”

“Ọ̀kan já bọ́ sómi. Funfun ló rí rà.”

Nígbà tí mò ń padà, mo rò ó pé kò sẹ́ni tó máa wá bi wọ́n léèrè ní Mákùn-Omi. Bí mo bá dákẹ́, fọ́tò Màmá nìkan lè gbè mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ Àgọ́-Ìwòyè ni mo wọ̀.

Àǹtí Bùkọ́lá kò ní kí n jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣọ lọ títí mo fi parí.

“Ẹnu tó pè mí lólè níwájú ẹgbẹ́,” ó ní, “òun ni kó o mú wá ní Sátidé. Má wá sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀.”

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ohun tí mo bá nílé wa lè wà nílé ẹlòmíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Bóyá ẹgbẹ́ á jẹ́ kí n máa rán gáùn náà, bóyá wọn ò ní jẹ́, n kò mọ̀. Láti àná ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ ní Sátidé sókè níwájú dígí, kí ohùn mi má baà pòórá nígbà tí mo bá dìde.