Màlúù Tí A Kò Gbọdọ̀ Pè Ní Àgàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, igbó ṣì pọ̀ ní Mowe ju ilé lọ, bàbá mi sì ń sin màlúù mẹ́rin lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lápá ibẹ̀ á rántí òórùn ìgbẹ́ màlúù láàárọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ọmọ la máa ń kó o, ká tó wẹ̀, ká tó lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá sá fún iṣẹ́ náà, ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn ló ń dúró dè é.

Àǹtí Ràfátù, ìyàwó kejì bàbá mi, ló ń fún wàrà. Á gbé e kaná, á fi omi ewé bomubomu sí i títí á fi dì, á wá fún wa ní èyí tó bá fọ́, ní gbígbóná, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Mi ò tún jẹ wàrà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àǹtí ti pẹ́ nílé ọkọ, kò sì bímọ. Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Nínú àwọn màlúù náà, Adùnní ló ní wàrà jù, ṣùgbọ́n òun náà dẹ́kun bíbí, wàrà rẹ̀ sì gbẹ. Ojoojúmọ́ ló ń wá akọ. Á tún máa gun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni akọ, síbẹ̀ oyún kò dúró. Àwa ọmọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá bàbá mi ní ayé ló ń ṣe é. Bàbá mi, tó fẹ́ràn màlúù yẹn ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, lọ pe dókítà ẹran wá láti Abẹ́òkúta.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó ti apá bọ ìdí Adùnní, ó sì fọwọ́ wá inú rẹ̀ kiri.

"Àlàájì, màlúù yín kì í ṣe àgàn o. Omi ló kóra jọ sínú àpò kan lára ilé ẹyin ẹ̀, ni ẹyin ò fi lè jáde. Kò le rárá, abẹ́rẹ́ máa tú u."

Àǹtí Ràfátù kúnlẹ̀ síbi tó ti di okùn màlúù mú. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé irú ẹ̀ lè ṣe èèyàn?"

"Ó ń ṣe èèyàn dáadáa, mà. Ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ yín wò."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ náà ti di màlúù ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Dókítà gún Adùnní lábẹ́rẹ́, ó tún padà wá gún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Gígun ẹgbẹ́ dópin. Nígbà tó tún wá akọ lásìkò tó yẹ, oyún dúró. Inú bàbá mi dùn débi pé ó ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Adùnní ní àgàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Kàmọ́rù gbàgbé, ó sì jẹgba débi pé kò lè jókòó jẹun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ìyá bàbá mi pe Àǹtí Ràfátù ní àgàn nítorí pé omi àlùwàlá tó gbé wá fún un tutù. Bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà. Kò gbójú sókè.

Àǹtí bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kóun lọ sí ọsibítù. Èsì kan náà ló ń gbà: "Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Ṣe sùúrù." Kò sọ fún màlúù pé kó ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú dòní.

Adùnní bí abo. Àǹtí Ràfátù ló gbẹ̀bí rẹ̀, ìró ara rẹ̀ ló sì fi nu ọmọ náà gbẹ. Kí ọmọ náà tó já lẹ́nu ọmú, bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó kẹta, Àǹtí sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ifo. Ìyá mi sìn ín dé títì. Nígbà tí mo tún rí i, orí rẹ̀ ti funfun, ọmọ ẹlòmíràn ló pọ̀n.

Lónìí, ilé ti gba gbogbo Mowe. Èèyàn ò ríbi so ewúrẹ́ mọ́, ká má tíì sọ ti màlúù, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú èèyàn pọ̀ lẹ́bàá títì. Èmi náà wá ọmọ títí, kí n tó lọ dùbúlẹ̀ sí ọ̀kan ní Ibafo. Obìnrin ni dókítà ibẹ̀. Ó ní omi ló kóra jọ sí ilé ẹyin mi, pé ìtọ́jú wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́, mà. Kì í ṣe nǹkan tó le rárá."

Ohun tó ń pa mí lẹ́kún gan-an nìyẹn.