Ikùn Aláwàdà

"Rọra o, oúnjẹ ìjọba ló wà níbẹ̀!" Ohùn yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ẹnìkejì mi lórí ìtàgé rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n aláwàdà oníkùn ńlá ni gbogbo Àkúrẹ́ mọ̀ ọ́n sí. Èmi ni mo máa ń di àkísà mọ́ ọn níkùn kó tó wọ bùbá. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn náà, á fi igbe yẹn bọnu, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tó yá, ó ní òun á máa di ikùn náà fúnra òun. Mo bi í pé kí ló dé. "Ìwọ ṣáà máa gbá a."

Mo ń gbá a. Igbe rẹ̀ wá ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó ló kú sí. Àwọn èèyàn ń sunkún lórí rédíò. Lọ́jà, wọ́n ń dì mọ́ mi: "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ mà kú ìdúrótì í nínú àìsàn yẹn." Àìsàn wo?

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ gbé àpò àkísà náà fún mi. Eruku ti bò ó.

"Ó ti pẹ́ tí kò ti lò ó mọ́, ẹ̀gbọ́n. Ikùn rẹ̀ gan-an ló wú. Ó ní ẹ mọ̀."

Èmi mọ̀? Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ mi lu ojú ìrora rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n máa bá àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín.