Iṣu Táípúráítà

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ní Ọ̀wọ̀ ránṣẹ́ pe bàbá mi, tó sì sọ fún un pé bí mi ò bá ní táípúráítà kí sáà kejì tó wọlé, kí wọ́n má wulẹ̀ mú mi padà wá. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ohùn gbogbo ènìyàn ṣe máa ń rọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi, àfi bíi pé mò ń sùn ní yàrá kejì tí wọn ò sì fẹ́ jí mi. Mo kórìíra ohùn yẹn nígbà náà. Mi ò tíì fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní.

Èéyi ló gba ojú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ni mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ mi ní ìwé oníkókó tí à ń fi ìka kà. Pátákó onírin kékeré kan ni mo ní àti abẹ́rẹ́ tí mo fi ń gún bébà. Nígbà tí mo wá dé àárín àwọn tó ń ríran ní girama, gbogbo ohun tí mo bá kọ, èmi nìkan ló lè kà á. Tíṣà á gba bébà lọ́wọ́ mi, á fọwọ́ pa á, á ní, "Ó dáa gan-an," á sì dá a padà. Mo lè kọ èébú sí i, ó dáa gan-an náà ni.

Ìdánwò sáà kìíní, ẹnu ni mo fi ṣe é. Mò ń sọ, tíṣà kan ń bá mi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n aláàánú ni tíṣà náà, bí mo bá sọ ohun tí kò tọ́, á kọ èyí tó tọ́. Bí mo bá sì sọ èyí tó tọ́ tí òun kò mọ̀, á kọ èrò tirẹ̀. Mo gba máàkì ńlá nínú ẹ̀kọ́ tí mi ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òdo nínú èyí tí mo mọ̀ bí ẹní mowó. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́. Wọ́n ti kọ́ mi ní títẹ táípúráítà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, àwọn ìka mi mọ ibi tí gbogbo lẹ́tà wà. Bí mo bá ní tèmi, ohun tí mo bá tẹ̀ ni tíṣà máa kà. Bí mo bá sì gba òdo, òdo tèmi ni.

Ọkùnrin kan tó ń tún táípúráítà ṣe létí ọjà ní ọ̀kan nílẹ̀, àlòkù ọ́fíìsì. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ló pè é, kò sì já kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Owó oṣù méjì rẹ̀ kò tó o, ká sì má tíì jẹun. Ìgbà yẹn náà ni ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, ìgbànú tiwa sì ti dé ihò tó kẹ́yìn tipẹ́. Ẹnì kan gba bàbá mi nímọ̀ràn pé ọ́fíìsì kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń ran irú wa lọ́wọ́. Ó kọ̀wé, ó gbé e lọ fúnra rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní fáìlì náà ti gòkè. Nígbà kejì, wọ́n ní ó ti sọ̀ kalẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n ní ó wà lọ́nà. Bàbá mi ní òun tí òun jẹ́ mẹ́sẹ́ńjà, fáìlì yẹn rìn ju òun lọ.

Àwọn àgbà ìjọ wa wá ní kí àwọn gbé igbá ọrẹ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá gbé igbá káàkiri nítorí afọ́jú, ọjọ́ náà ló di alágbe, bó bá tilẹ̀ padà di tíṣà." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mò ń gbọ́, mo sì gbà fún un. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, mò ń kọjá lọ ní páàkì tòun ti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn mi, ni obìnrin kan fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́ tó sì gbàdúrà fún mi. Mo sọ owó náà nù. Ìyá mi tó dì mí lọ́wọ́ mú bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó fi ra iyọ̀.

Ìyá mi yìí náà ló rí ọ̀nà. Ọmọ Ìdógun ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń dáko níbẹ̀. Ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní kúkúrú: "A à ní í tọrọ oghó. Usu la máa tà." Bí a ṣe ń pe owó àti iṣu lẹ́nu tiwa nìyẹn. Ó lọ sí Ìdógun, nígbà tó sì padà, ó gbé iṣu kan bọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wú fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo fọwọ́ wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n gbé e nàró sí ara ògiri. Ó ga dé ìbàdí mi, apá mi méjèèjì kò sì ká a.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìkórè ní ìjọ wa. Bí ìsìn bá parí, a ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n á máa lu àwọn nǹkan oko ní gbàǹjo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra nǹkan kì í gbé e lọ sílé. Á sanwó, á ní, "Mo fi í fún Olúwa padà," wọ́n á sì tún un tà fún ẹlòmíràn. Ọdún kan wà tí wọ́n ta àkùkọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà, títí àkùkọ náà fi sùn lọ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dání. Ẹni tó bá rà á kẹ́yìn, tí kò sẹ́ni tó tún fẹ́ rà á mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ló máa ń mú un lọ. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí síbì kan. A kàn mọ̀ ọ́n ni.

Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọjà ni, kì í ṣe ìtọrọ. Àwọn àgbà ìjọ náà gbà pé gbogbo owó tí iṣu yẹn bá pa, ti táípúráítà ni. Ohun kan ṣoṣo ló ku díẹ̀ kó bà á jẹ́. Alàgbà tó ń lu gbàǹjo, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ kí n wá dúró níwájú kí gbogbo ènìyàn lè rí mi. Mo ní kó gbé iṣu síwájú, ṣebí iṣu ló ń tà. Ìyá mi já mi ní èékánná, ṣùgbọ́n mi ò dìde.

Ọjọ́ náà dùn, kí n má purọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú ìjọ wa, wọ́n sì máa ń bínú bí ọ̀gá ọ́fíìsì kan bá ná owó ju ti ọ́fíìsì kejì lọ. Alàgbà mọ̀ wọ́n. Ó ń kì wọ́n, ó ń gún wọn ní kẹ́ṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ní ogún náírà, á ní, "Ṣé owó oṣù yín ò tíì wọlé ni?" Wọ́n ta iṣu náà, wọ́n dá a padà, wọ́n tún un tà. Àwọn Kátólíìkì àdúgbò tó wá bá wa ṣeré ná an, wọ́n dá a padà. Mò ń ro ó pọ̀ lọ́kàn mi. Nígbà tí wọ́n fi tà á lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó ti di igba náírà ó lé ọgọ́ta. Ogójì péré ló kù.

Ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kẹsàn-án yìí ni ọkùnrin ará Àkókó kan tó ń ta ìṣó àti páànù, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Ìjọ mìíràn ló ń lọ. Nítorí pé a jọ ń gbé àdúgbò ni wọ́n ṣe pè é. Ó sanwó rẹ̀. Bó ṣe sanwó tán ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá bọ́ sí agbo láti jó ijó ìdúpẹ́, ijó àwọn ìyá ìjọ wa kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ijó ni wọ́n ta ewúrẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí Alàgbà wá padà sórí iṣu, kò rí i mọ́.

Wọ́n wo abẹ́ tábìlì. Wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa olè. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí etí mi ni mo fi ń wá a. Ọmọ odó méjì ń gba ipò fún ara wọn lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, gbì, gbì, gbì.

Mo ní, "Ẹ má wá a mọ́, ẹ sà. Wọ́n ti ń gún un."

Gbogbo àtíbàbà tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rí ogójì náírà tèmi nínú odó.

Wọ́n pe ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo rà á, mo sanwó. Ní ìjọ tiwa, ohun tí ènìyàn bá rà, yóò gbé e lọ sílé. Ìyàwó mi ló gbé e. Kí ni mo ṣẹ̀?" Alàgbà ṣàlàyé àṣà wa fún un, ó sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá kọjú sí ẹ̀yìn ògiri, ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé, "Gbé e bọ̀. Gbé odó pẹ̀lú."

Báyìí ni odó ṣe wọ ìkórè wa, iyán gbígbóná nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì tẹ̀ lé e. Alàgbà kò dánu dúró. Ó ní iṣu tó bá di iyán ṣì ń jẹ́ iṣu. Ó ń tà á ní àwo kọ̀ọ̀kan, ebi sì ti ń pa gbogbo ènìyàn láti àárọ̀. Náírà mẹ́ta, náírà mẹ́rin. Àwọn tó ti ra iṣu náà ní tútù tún rà á ní gbígbóná, èyí tí wọ́n sì rà yìí, kò sẹ́ni tó fi í fún Olúwa padà. Ó wá ku àwo kan, ó sì ku náírà mẹ́wàá.

Náírà mẹ́rin wà ní etí ìró mi, owó ẹ̀gúsí tí mo bó fún àwọn ìyá àdúgbò. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo nàró, mo ní, "Náírà kan."

Ohùn Alàgbà rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, wá gbà á. Máa jẹ ẹ́, ọ̀fẹ́ ni fún ọ."

Mo ní, "Mi ò ní kí ẹ fún mi, ẹ sà. Mo ní náírà kan."

Ìyá mi mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n máa lù ú ní gbàǹjo fún mi ní náírà kan yẹn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì máa ṣàánú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà náà ni onípáànù ará Àkókó sọ̀rọ̀ láti apá òsì mi.

"Náírà méjì," ló wí.

Àwọn obìnrin kùn sí i. Mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ pé, "Ṣé ojú ò tì yín ni?"

Mo ní, "Méjì àbọ̀."

Ó ní, "Mẹ́ta."

"Mẹ́rin," ni mo wí. Gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mẹ́wàá." Alàgbà dúró títí, ó ń retí pé ojú á ti ọkùnrin náà. Ojú kò tì í. Ó lu tábìlì. Onípáànù gba àwo rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbé òkèlè mì, mo sì gbọ́ bó ṣe ń lá ọwọ́. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí ojú mi ti fọ́, bí mo bá ta ayò, wọ́n á jẹ́ kí n jẹ. Bí mo bá sáré, wọ́n á dúró dè mí. Ọkùnrin yìí bá mi ná ọjà, ó ní owó jù mí, ó sì gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá mi rò pé ìbànújẹ́ ló ń mú mi sunkún, ó sì ń ṣépè fún un lábẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣépè fún un.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá mi gbé ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ sí etí ọjà. Ọkùnrin tó ń tún táípúráítà ṣe ka owó, ó gbé ẹ̀rọ náà síwájú mi, mo tẹ lẹ́tà mẹ́ta. Bàbá mi ní òun kò rí nǹkan kan lórí bébà. Ọkùnrin náà ní, "Báwo lẹ ṣe máa rí nǹkan? Ríbọ́ọ̀nù kò sí nínú rẹ̀. Náírà mẹ́rin ni ríbọ́ọ̀nù." Nínú gbogbo ìjọ, nínú gbogbo àwọn tó ra iṣu, nínú gbogbo fáìlì Àkúrẹ́, kò sẹ́ni tó rántí pé táípúráítà kì í kọ̀wé láìsí aṣọ oníyíǹkì yẹn. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń fọwọ́ wá àpò rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òfìfo ni.

Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo tú etí ìró mi, mo kọjú sí ibi tí ohùn ọkùnrin náà ti wá, mo ní, "Mo san náírà méjì."