Lóòdù Tí Bàbá Súbérù Rà

Ẹ bi Rọ̀kíbátù léèrè ohun tó gba oorun lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, á ní ẹ̀rọ kan báyìí ni, kò ju àpótí fídíò lọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, apẹja ni bàbá rẹ̀, òun ló ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkòròdú. Ọdún 2007 là ń wí yìí. Sáfà méjì ló wà ní yàrá rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé èsì ìdánwò fún ẹni tó bá ṣí wẹ́bùsáìtì ilé ìwé. Lọ́dún tó ṣáájú, ọjọ́ tí èsì jáde, ọ̀kan ni gbogbo ayé ya bò, ó sì dákú. Èkejì jókòó ní tiẹ̀, kò ríṣẹ́ ṣe. Àwọn òbí ti Ìmọ̀ta, ti Ẹ̀jìnrìn wá fìbínú kún ẹnu géètì. Màdáàmù Agnes, ọ̀gá àgbà, kò pariwo. Ó kàn ní, "Rọ̀kíbátù, tó bá tún ṣẹlẹ̀, ìwọ náà mọ ọ̀nà ilé."

Ìdí nìyẹn tó fi ń wá lóòdù bálánsà, ẹ̀rọ tó máa dúró níwájú sáfà méjèèjì, tí á máa pín èrò fún wọn. Ó yẹ tòkunbọ̀ wò, ó yẹ tuntun wò. Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo ẹni tó ń tà á: bí sáfà kan bá kú, ṣé ẹ̀rọ yìí á mọ̀, àbí á ṣì máa darí èèyàn sọ́dọ̀ òkú? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kálòlò. Nígbà tó rí èyí tó dá a lójú, ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kínníkínní. Màdáàmù dá ìwé náà padà pé kó gé e kúrú kó lè yé ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí owó. Rọ̀kíbátù bá gé e: lóòdù bálánsà kan, ojúlówó.

Ọwọ́ Bàbá Súbérù ni ìwé náà bọ́ sí. Bàbá yìí ló ń ra ọjà fún ilé ìwé, ogún ọdún ló sì ti fi ṣiṣẹ́ wáyà iná kó tó débẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní lóòdù? Iná ni lóòdù lójú tiẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ ló gbé e dé, èsì sì máa jáde láàárọ̀ Mọ́ńdè. Rọ̀kíbátù tú páálí, ó rí iná kéékèèké mẹ́ta, pupa, yẹ́lò, búlúù.

"Bàbá, kí lẹ rà yìí?"

"Ohun tó o kọ ni. Tí féèsì iná kan bá lọ, á gbé ọ sórí òmíràn."

"Èrò ni mo fẹ́ pín, sà, kì í ṣe iná."

Bàbá jókòó sórí páálí. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. "O ò kọ èrò síbẹ̀, ọmọ mi. Lóòdù lo kọ."

Inú bí Rọ̀kíbátù débi pé ó fẹ́ sunkún, àmọ́ òun náà ló gé ìwé kúrú. Owó ẹ̀rọ ti tán, Mọ́ńdè ò sì ní dúró. Ó wá rántí ọkùnrin tó máa ń dúró létí omi l'Ẹ́pẹ́, tó ń sọ fún èrò pé ìwọ wọ ọkọ̀ yìí, ìwọ wọ tọ̀hún. Kò ní ọkọ̀ kankan. Ẹnu lásán ló fi ń ṣe é. Ó bá fa kọ̀ǹpútà àlòkù kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó wá ètò ọ̀fẹ́ tó lè ṣe irú iṣẹ́ ọkùnrin yẹn sórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni ètò náà ti gbogbo èrò sórí sáfà kan. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló tó gbà láti pín wọn dọ́gba. Ìtìjú ò jẹ́ kí Bàbá Súbérù jókòó sílé, ó wá kan àpótí tirẹ̀ mọ́ ògiri, ó fa wáyà sí i.

Aago mẹ́wàá ọjọ́ Mọ́ńdè, èsì jáde. Èrò ń wọlé, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì. Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, féèsì iná kan lọ, fáànù ọ́fíìsì ọ̀gá dúró. Nǹkan dún kà lára ògiri, pupa kú, yẹ́lò tàn. Bátìrì abẹ́ tábìlì, tó ń gbé sáfà ró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iná bá lọ, ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Sáfà kankan ò kú.

Màdáàmù wọlé tòun ti òógùn, ó tẹjú mọ́ àpótí ara ògiri. "Ṣé lóòdù bálánsà tá a rà nìyẹn?"

Bàbá Súbérù ń wo ilẹ̀. Rọ̀kíbátù fi ẹsẹ̀ rọra ti kọ̀ǹpútà àlòkù náà wọ abẹ́ tábìlì.

"Òun ni, mà. Bàbá ló bá wa rà á."